Aṣọ Ẹnu Ẹ̀rọ

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí Àwẹ̀ní ń ṣe nílé àna rẹ̀ ní Agbonou: òun ló ń gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ Àbdùlmùmín, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ló ń sùn, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àpò sí. Kò sẹ́ni tó lé e. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọn ò bá rí ohun tó wúlò fún mọ́, ẹní rẹ̀ á jáde. Ìyẹn ló fi ń rìn nínú ilé bí ẹni tó ru ẹyin.

Àmírátù, ìyàwó Àbdùlmùmín, ìyálé rẹ̀, kì í fi òṣùwọ̀n kankan wọn ìyẹ̀fun. Abọ́ tánganran rẹ̀ ní àwòrán òdòdó pupa nínú, nítòsí ẹnu rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun bá ti ẹ̀rọ dé, ó gbọ́dọ̀ bo orí òdòdó náà. Bó bá ti bò ó, ọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n so aṣọ gígùn kan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun ń gbà bọ́ sínú abọ́. Bí àgbàdo bá tán, ẹni tó ni ín á di aṣọ náà mú, á gbọ̀n ọ́n títí, nítorí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwẹ̀ní mọ̀ ọ́n gbọ̀n ju gbogbo wọn lọ. Hilaire tó ni ẹ̀rọ, ọmọ Ifẹ̀ onílẹ̀ Agbonou, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun làwọn Yorùbá tó ti Ṣakí wá bíi tirẹ̀: "Ẹ rọra, Ìyá. Ẹ̀yin Ànàgó, ẹ ó gbọn òwú inú aṣọ lọ sílé."

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní apá Anié ló ti wá. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Abẹ́ etí páànù ló ń sùn, òun àti ẹrù kékeré kan. Àwẹ̀ní kì í wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá wò ó pẹ́, òun á rí ibi tí òun ń lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àgbàdo Àwẹ̀ní tán, ó na ọwọ́ sí aṣọ. Obìnrin abẹ́ páànù yẹn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀ jọ tòun ti yanrìn, ó ń fi gèlè rẹ̀ tó ti gbó sẹ́ ẹ. Yanrìn ló pọ̀ jù. Ó tọ́ díẹ̀ wò, ó tu òkúta jáde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ.

Ọwọ́ Àwẹ̀ní dúró. Kò rò ó. Ó kàn fi aṣọ sílẹ̀ bó ṣe wúwo, ó gbé abọ́ rù.

"Ìyá, ẹ ò gbọn aṣọ," Hilaire wí.

"Jẹ́ kí ìyá yẹn gbọ̀n ọ́n."

"Ànàgó fi ìyẹ̀fun sílẹ̀. Òjò máa rọ̀ o."

Kí ó tó dé títì, ó gbọ́ ìró aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, pà, pà. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó dé ìdí igi máńgòrò kó tó rántí òdòdó. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tú ìyẹ̀fun náà kó lè wú. Kò wú tó.

Àmírátù wo inú abọ́.

"Àwẹ̀ní, òdòdó mi ń wò mí."

"Ẹ̀rọ ló gbé e mì, ìyálé mi."

"Ẹ̀rọ yẹn ò jẹun láti àárọ̀ nìyẹn."

"Bóyá afẹ́fẹ́…"

"Kò burú."

Kò pariwo. Ìyẹn ló ba Àwẹ̀ní lẹ́rù jù. Nígbà tí wọ́n jókòó ti ọkà alẹ́, ó bu òkèlè kékeré kan, ó dìde lọ fọ ìkòkò.

Ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ gbé abọ́, abọ́ ti wà lórí Inès, ìyàwó tuntun ọmọ Àmírátù.

"Fi í sílẹ̀," Àmírátù wí. "Inès lá máa lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ náà ń bọ̀ wá kí i, a máa nílò yàrá yẹn. Ṣé o ò ní ẹnì kankan ní Ṣakí mọ́?"

"Àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti kú, ìyálé mi."

"Ọlọ́run á ṣe é."

Àwẹ̀ní wo Àbdùlmùmín. Ó ń ṣe àlùwàlá, ó ń da omi sẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà ò ní mọ́ láé. Kò gbójú sókè.

Òjò tí Hilaire fi ṣẹ̀fẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwẹ̀ní bá ara rẹ̀ nílé ẹ̀rọ, kò ru nǹkan kan. Kò mọ ohun tó wá ṣe. Ó ń wo abẹ́ etí páànù: ibi tí omi ń ta dé, ibi tí kò dé. Ibi gbígbẹ náà ò fẹ̀.

Obìnrin yẹn wò ó. Lẹ́yìn náà ó fa ẹrù rẹ̀ mọ́ra, ó sún mọ́ ògiri díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá yanrìn ibi tó ṣí sílẹ̀ fún un kúrò.

Àwẹ̀ní ò jókòó.

"Ẹ ṣé. Ilé ni mò ń lọ," ó wí nínú òjò. Ó tún un wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.