Òfin Tó Wà Lókè

Ó tún ṣófo. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Fódà tí mo sọ ní Agbabu — òfìfo. Àbí Akínwọlé kò kọ̀wé ni? Rárá. Ọkọ mi á kọ̀wé. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti sọ ọ́, bàtà lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń kó àwọn olùkọ́ tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì: "Fẹ́yìsayọ̀, bí mo bá dé Kútọnu, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ ni mo máa kọ̀wé sí. Màá kọ Agbabu sórí rẹ̀."

Mo sì kọ òfin náà sínú ẹ̀rọ. Lẹ́tà tí Agbabu bá wà lórí rẹ̀, kó má wọ àpótí tí Ọ̀gá ń ṣí láràárọ̀, kó wọ fódà mi tààrà. Agbabu... ta ni yóò fura? Ọ̀dà ilẹ̀ la fi mọ ìlú yẹn, gẹdú là ń tà níbí; oníbàárà kankan kò ní kọ ọ́.

Bóyá mo ṣì í kọ. A, g, b, a, b, u. Ó pé. Mo kọ lẹ́tà sí ara mi, mo fi Agbabu sórí rẹ̀. Wáyà tẹlifóònù tó ń gbé lẹ́tà ń han, ó ń súfèé — mo ń dúró, ayùn ń pariwo níta — ó lọ, ó padà dé. Ó wọ fódà. Òfin ń ṣiṣẹ́.

A jẹ́ pé kò kọ̀wé. Tàbí wọ́n mú un ní bodè. Tàbí... má ronú bẹ́ẹ̀. Ronú nípa òfin. Lẹ́tà tèmi, Ore níbí ló ti wá. Tiẹ̀, Kútọnu ni.

Kútọnu.

Mo wo òkè ibi tí àwọn òfin tò sí. Òfin Ọ̀gá nìyí, èmi náà ni mo bá a kọ ọ́: ohunkóhun tó bá ti Kútọnu wá, ti oníbàárà ni, kó wọ fódà Ọ̀gá. Tèmi wà lábẹ́ rẹ̀. Láti òkè ni ẹ̀rọ yìí ti ń ka òfin wá sísàlẹ̀. Òfin tó bá kọ́kọ́ bá lẹ́tà mu, ibẹ̀ ló parí sí. Lẹ́tà rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ òfin mi rí.

Ọ̀gá Abraham. Tó ń bá àwọn ṣọ́jà rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì nítorí ìwé àṣẹ gẹdú. Ó máa ń sọ fún mi pé: "Ìyá Loveth, fódà mi yẹn, má ṣí i o."

Mo ṣí i.

Agbabu. Agbabu. Agbabu tún ni. Láàárín ọ̀rọ̀ pákó, ọkọ mi. Ó yè. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bèèrè ikọ́ Loveth ọmọ wa. Ó yẹ kí n sunkún... omi kò wá. Nǹkan mìíràn ni mò ń wò. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà máa ń dúdú, ó máa ń nípọn. Ìwọ̀nyí kò nípọn.

Ọ̀gá ti kà wọ́n. Gbogbo wọn.

Ó ti mọ̀, kí àwọn ṣọ́jà tó wá bèèrè Akínwọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n wá: "Ọkọ rẹ̀? Ọkùnrin yẹn ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́." Mo bínú. Mo ní ó fi mí ṣẹ̀sín lójú àjèjì. Láti ọjọ́ náà, mò ń kí i, n kì í wo ojú rẹ̀.

Kò sì sọ fún mi. Bó bá sọ fún mi, èmi náà á mọ̀ pé ó mọ̀, bí wọ́n bá sì bi èmi... Ì bá pa àwọn lẹ́tà náà rẹ́. Kò pa wọ́n rẹ́. Ó fi wọ́n síbí, lábẹ́ orúkọ tiẹ̀. Bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ yìí wò lónìí, òun ni wọ́n máa mú.

Òun. Kì í ṣe èmi.

Mo gbé òfin tèmi lọ sókè, ṣáájú tiẹ̀. Mo kó àwọn lẹ́tà náà sínú fódà mi, lábẹ́ orúkọ tèmi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́la Ọ̀gá yóò ṣí tiẹ̀, kò ní bá wọn níbẹ̀, yóò mọ̀ pé mo ti mọ̀. Kò ní bi mí. Èmi náà kò ní sọ.