Ẹsẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọ̀

Ní ìjọ wa, bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jùlọ, o kò ní láti wá a kiri. Òun fúnra rẹ̀ yóò rí i dájú pé o rí òun. Alàgbà tó ń rán bàtà ni. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kí àlùfáà lè rí àyè bẹ̀ ẹ́ pé kó bọ́ síwájú, kí òun náà sì lè rí àyè kọ̀. Onírẹ̀lẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, a ní, "Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, erùpẹ̀ lásán ni mí." Bí ẹnì kan bá sì gbàgbé, tó pè é ní Alàgbà lásán, kì í tètè gbọ́.

Ọjọ́ tirẹ̀ gan-an ni Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere, nígbà tí àwọn alàgbà máa ń fọ ẹsẹ̀ ìjọ. Àwọn yòókù a fọ ẹsẹ̀ ènìyàn bíi mẹ́ta, wọn a dìde, wọn a di ìbàdí mú. Òun a fọ ti ogójì ènìyàn. Ó ní bàsíà tirẹ̀, ó ní aṣọ ìnura tirẹ̀, ó sì mọ ẹsẹ̀ ju ẹni tó ni ín lọ, nítorí òun ló ń wọn ẹsẹ̀ wọn fún bàtà. Bó bá parí, tí wọ́n ní kó jókòó kí wọ́n fọ tirẹ̀, a gbọn orí: "Èmi ta ni?" Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé, kò sí ọmọ ìjọ tó rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Ní oṣù kejì ọdún kẹrìndínlógún náà, ìṣó kékeré kan, irú èyí tó fi ń kan gìgísẹ̀ bàtà, gún un lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ̀. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a gbé tipẹ́, ó sì ti pa ẹsẹ̀ náà kú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa wò ó lọ́jọ́ kẹta, ojú egbò ti fẹ̀ tó bọ́tìnnì. Ó wẹ̀ ẹ́, ó dì í, ó dákẹ́. Ẹlòmíràn ì bá lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú egbò níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Alàgbà ló kọ́ ọ ní kátíkísìmù, Alàgbà ló sì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Báwo ni yóò ṣe wá na ẹsẹ̀ tó ń jẹrà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ṣe ni pé ó rán bàtà. Ó gé awọ rírọ̀, ó jẹ́ kí ti ọ̀tún fi ìka kan fẹ̀ ju ti òsì lọ, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ó wá kùn ún ní dúdú tó ń dán. Ká sọ òtítọ́, kò rán èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kankan rí.

"Bàbá Ìbejì, kí ló ń rùn nínú yàrá yìí?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Awọ ni."

"Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbóòórùn awọ. Awọ kì í rùn báyìí."

"Awọ tuntun ni."

"Ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yín."

"Ìyá Ìbejì, ṣé o fẹ́ sọ mí di ọba ni, tí o ó máa kúnlẹ̀ níwájú mi?"

Obìnrin náà wò ó títí. "Ọba á jẹ́ kí wọ́n wo ẹsẹ̀ òun," ló wí, ó sì lọ ṣí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀ náà dé. Alàgbà da lọ́fíńdà sínú ìbọ̀sẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ̀, ó ń nù. Òógùn bò ó. Àwa rò pé Ẹ̀mí ni, àṣé ibà ni. Nígbà tó kan nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Bàbá, mo mọ òórùn yìí. Iṣẹ́ mi ni. Ẹsẹ̀ wo ni?"

"Fi ẹsẹ̀ kejì sínú omi, ọmọ mi."

"Ẹ jókòó sórí àga yìí kí n fọ tiyín. Ìsìn ni wọ́n á rò pé à ń ṣe. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kò dúró de èsì. Ó kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan okùn bàtà náà. Orin rọlẹ̀, gbogbo ojú yí síbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹsẹ̀ náà ṣì ṣeé gbà là. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá.

Alàgbà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó kọjú sí ìjọ. "Ẹ bá mi bẹ ọmọ yìí," ló wí. "Irú èmi kọ́ ni wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ fún." Àwọn ìyá ń nu ojú. Àlùfáà ní kí a dìde kí a kọrin.

"Pétérù náà kọ̀ fún Jésù lẹ́ẹ̀kan," ni nọ́ọ̀sì wí jẹ́ẹ́, "ṣùgbọ́n ó gbọ́ nígbà tí wọ́n bá a wí." Orin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Alàgbà ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ ti wú débi pé abẹ ni dókítà fi gé bàtà dáradára yẹn kúrò. Dúdú ti dé kókósẹ̀.

"A ní láti gé e nísàlẹ̀ orúnkún, lónìí," ni dókítà wí.

"Bí ẹ bá gé e, ṣé mo ṣì lè kúnlẹ̀?"

"Bàbá, ẹ ó wà láàyè."

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méjì kí òun fi gbàdúrà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ibùsùn, kò gbàdúrà.

"Bàbá Ìbejì, òkú kì í kúnlẹ̀ mọ́."

Òtítọ́ ni Alàgbà sọ lọ́tẹ̀ yìí, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí wọ́n bá fi kẹ̀kẹ́ tì mí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fún mi bí ọmọ ọwọ́, kí ni wọn ó máa pè mí?"

"Wọ́n á máa pè yín ní ọkọ mi."

Ó yíjú sí ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbà, ó fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n egbò kò dúró de ọjọ́ méjì náà. Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó kú kí wọ́n tó tì í dé yàrá iṣẹ́ abẹ.

Nọ́ọ̀sì ló wẹ òkú náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, ó bẹ̀ wọ́n ni. Ó fọ ẹsẹ̀ òsì, ó fọ ọ̀tún, ó sì pẹ́ lórí ọ̀tún. Alàgbà kò fà á sẹ́yìn.

Níbi ìsìnkú, àlùfáà wí pé, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi fọ ẹsẹ̀ wa, kò sì gbà kí a fọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan." Ìjọ ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ kò ṣe é.

Lọ́sẹ̀ kejì, alàgbà méjì wá sílé, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé bàsíà olóògbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ fún ìrántí. Èyí àbúrò nínú wọn fi kún un pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò yẹ, òun ti ṣetán láti máa kúnlẹ̀ síbi tí Onírẹ̀lẹ̀ ń kúnlẹ̀ sí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Opó náà gbọ́ wọn tán pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá," ló wí. "Mo ti ń rẹ aṣọ ìdọ̀tí sínú bàsíà náà."