Ihò Méjì Lójú Bàbá

Muqtadir, àbúrò mi, mọ ọ̀rọ̀ sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa di máìkì mú níbi ìnáwó, kó máa pe olówó ní erin, kó máa pe arúgbó ní ọmọge. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, mi ò sì gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ.

Nígbà tí bàbá wa kú, ìdí igi ni wọ́n fi pín ogún rẹ̀ nílé wa ní Ẹnu Ọwá: ìyàwó méjì, ìdí méjì. Wọ́n pín yàrá, wọ́n pín àga, wọ́n pín ẹní ìkírun pàápàá. Ó wá ku hẹlikọ́pítà. Ohun ìṣeré àgbàlagbà ni, ó gùn tó apá ènìyàn, rẹ́díò ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni bàbá, òkè òkun ló ti rà á, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ìdí méjèèjì ló fẹ́ ẹ.

Bàbá Mọ̀núrù, olórí ẹbí, fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Ẹ gbé ara rẹ̀ fún ìdí Muqtadir. Ẹ gbé rẹ́díò, àti èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ́díò nínú rẹ̀, fún ìdí Ganiat. Bí ọ̀kan ò bá sí, èkejì ò lè fò. Ìyẹn ni yóò máa so yín pọ̀."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi Ganiat ò ṣe àmín. Mo tú rìsífà, èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ́díò, kúrò nínú ikùn hẹlikọ́pítà níṣojú wọn, mo dì í mọ́ ìbòrí mi, mo gbé rẹ́díò, mo gba ilé ọkọ mi lọ ní Olówógbowó. Rìsífà náà kò ju páálí ìṣáná lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló yọ lára rẹ̀ bí irun ẹnu ológbò. Àwọn wáyà yẹn ni áńtẹ́nà. Láìsí wọn, adití ni hẹlikọ́pítà.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Bàbá ò jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan nǹkan náà. Mo máa ń jókòó ti ìkòkò tí mò ń ṣọ́, mo ń wò ó. Bó bá jáde, màá tú u, màá tún un tò kó tó dé.

Nígbà tí ikú bàbá ń sún mọ́ ọdún kan, Muqtadir wá bá mi nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Ìyá lẹ́yìn ìyá! Òpó tó gbé ilé wa ró!"

"Kí lo fẹ́?"

"Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n jókòó ná?"

"Jókòó. Kí lo fẹ́?"

Ó fẹ́ kí hẹlikọ́pítà fò níbi fídáù ọdún kan. Ó ti gbé e dání, ó ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Ara tuntun ló ti fi wọ̀ ọ́, ó sì ti ní kí ayàwòrán ya ojú bàbá sí i láti imú dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: fìlà, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, eyín wúrà. Ó jọ bàbá. Mi ò ní purọ́.

"Mo fẹ́ kó dúró lókè orí àwọn èrò," ó wí, "kí bàbá máa wò wá láti òkè."

"Orí ènìyàn kọ́ ni wọ́n ti ń fi í ṣeré. Abẹ́ tó ń yí lókè yẹn lè bẹ́ ọrùn."

"Ọwọ́ yín náà ni yóò wà, ẹ̀gbọ́n. Ta ló mọ̀ ọ́n bíi yín?"

Mo ní n ó gbé e fò, ṣùgbọ́n ìparí àdúgbò tí kò sí èrò ni. Mo ní èmi ni n ó fi áńtẹ́nà sí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ yí i padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo nǹkan ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu rẹ̀.

Kábọ̀n ni egungun hẹlikọ́pítà náà. Ó dúdú, ó le, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ohun tí rẹ́díò ń sọ. Ẹni tó bá ká áńtẹ́nà sínú rẹ̀, inú túbú ló ká a sí. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì náà ò dára, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ wáyà ẹ́ńjìnnì. Ṣónṣó àwọn wáyà náà gbọ́dọ̀ wà níta, kí wọ́n na gbọọrọ. Kí ọ̀kan nàró, kí èkejì sùn ní ìbú, torí bí hẹlikọ́pítà bá yí padà tí ọ̀kan ò gbọ́ dáadáa, èkejì á gbọ́. Ara àtijọ́ tí bàbá ń lò ní ihò fún wọn. Ara tuntun yìí ò ní. Mo wọn ibi tó yẹ. Ọ̀kan bọ́ sí fìlà, èkejì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gún bàbá lójú ni?"

"Ọ̀dà ni mo fẹ́ gún."

"Ẹ kúkú kì í sínú. Ta ló máa rí i?"

"Rẹ́díò ò ní rí i. Òun ni mò ń bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe àlejò rẹ."

"Wáyà lójú bàbá bí ìwo aáyán! Kí làwọn èèyàn á wí?"

"Kí wọ́n wí pé bàbá hu irùngbọ̀n lọ́run."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo dá rìsífà padà sínú hẹlikọ́pítà, mo fi irin gbígbóná lu ihò méjèèjì. Mo ti wáyà kọ̀ọ̀kan bọ inú ọ̀pá báírò tó ti tán, kí wọ́n má baà ká, mo sì fi gúlúù lẹ̀ wọ́n. Muqtadir kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi ṣe é tán. Ó gbé hẹlikọ́pítà rẹ̀ lọ. Rẹ́díò kù sọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ fídáù, wọ́n ta kánápì dí ojú títì. Àwọn ààfáà ti ṣe àdúrà tán nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n gbé hẹlikọ́pítà sí, lórí tábìlì aláṣọ funfun. Ojú bàbá ń dán. Kò sí ihò, kò sí wáyà.

"Ta ló dí i?"

"Èmi ni, Àǹtí," Bilqis, ìyàwó Muqtadir, dáhùn. "Ìdọ̀tí ò yẹ ojú bàbá."

Mo ṣí ara rẹ̀. Wọ́n ti ká wáyà méjèèjì pọ̀, wọ́n fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ kábọ̀n, wọ́n sì kun ọ̀dà tuntun lórí ihò.

Bàbá kì í gbé e fò láìdán rẹ́díò wò. Á yọ wáyà ẹ́ńjìnnì kí abẹ́ má yí, á dín agbára rẹ́díò kù, á gbé e rìn jìnnà, á máa ti ọ̀pá ìdarí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí orí abẹ́, ibi tí abẹ́ ti so mọ́ hẹlikọ́pítà, bá ń tẹ̀ síbi tó ti ọ̀pá sí, ó ń gbọ́ nìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nítòsí, ó gbọ́. Mo kọjá kánápì kejì, orí abẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo tún sún díẹ̀, ó dákẹ́ pátápátá. Mo padà sẹ́yìn, mo tún rìn. Bákan náà ni.

"Kò ní fò," mo wí.

Muqtadir gbé máìkì sẹ́nu. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi, ẹyinjú bàbá! Ojú ló ń tì wọ́n. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Yọ áńtẹ́nà síta, n ó gbé e fò."

Ó gbé máìkì kúrò lẹ́nu. "Kí n lu ojú bàbá níwájú ààfáà? Ẹ ò lójú àánú ni?"

"Ganiat," Bàbá Mọ̀núrù pè mí látorí àga, "má dójú ti ilé yìí. Kó kàn gòkè díẹ̀, kó sọ̀."

"Bàbá, bí kò bá gbọ́ mi mọ́ lókè, orí ta ni kó bọ́ lé? Ṣé tiyín?"

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ẹnu mi bí ata. Òmíràn ní ṣebí bàbá ló kọ̀ mí sílẹ̀ láìtọ́. Muqtadir na ọwọ́, ó já rẹ́díò gbà mọ́ mi lọ́wọ́. "Èmi á gbé e fò fúnra mi," ó ní, ó sì ní kí Bilqis ki wáyà ẹ́ńjìnnì padà.

Mo wo àwọn ọmọ kéú tó jókòó sílẹ̀ níwájú. Mo wo abẹ́ náà. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹran sàráà wà nítòsí. Mo mú un, mo ṣí ara hẹlikọ́pítà kí Bilqis tó dé ibẹ̀, mo gé áńtẹ́nà méjèèjì ní ìdí, mo sì fa rìsífà yọ.

"Ìdí tèmi ló ni ín," mo wí. "Mo ti bà á jẹ́. Ó tán."

Muqtadir ò rántí pa máìkì. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. "Ìwọ Ganiat! Ìwọ! O pa bàbá lẹ́ẹ̀kejì!"

Láti ìgbà tó ti dáyé, kò pè mí ní ìwọ rí. Mo gba rẹ́díò mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sílé. Wọn ò fi oúnjẹ sàráà ránṣẹ́ sí mi. Nígbà Iléyá, ẹran ò ti Ẹnu Ọwá wá, tèmi náà ò lọ síbẹ̀. Bí mo bá pàdé Bilqis lọ́nà, á tutọ́ sílẹ̀, èmi á máa wo itọ́ náà títí yóò fi rìn kọjá.

Iléyá ti kọjá nígbà tí Muqtadir kan ilẹ̀kùn mi. Kò kí mi. Ó gbé hẹlikọ́pítà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ra rìsífà tuntun, ṣùgbọ́n àlejò ni rìsífà tuntun, kì í gbọ́ ti rẹ́díò tí wọn ò bá tíì so ó mọ́.

"Bá mi so ó mọ́ rẹ́díò."

Mo ṣí aṣọ. Ihò méjì wà lójú bàbá. Muqtadir ló lu wọ́n fúnra rẹ̀, wọ́n wọ́, ọ̀dà sì ti bó títí dé eyín wúrà. Wáyà kan nàró nínú ọ̀pá báírò, èkejì sùn ní ìbú. Ṣónṣó ọ̀kan ti tẹ̀.

"Na eléyìí."

Ó nà á.

"Mi ò ní dárí jì ọ́," ó ní.

"Mi ò tọrọ rẹ̀."

Mo so wọ́n pọ̀. A lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà, níbi tí kò sí orí ẹnikẹ́ni. Mo rìn jìnnà pẹ̀lú rẹ́díò, mo ti ọ̀pá rẹ̀ síwá sẹ́yìn, orí abẹ́ ń tẹ̀lé e láìgbọ̀n. Mo padà, mo gbé e fò. Ó gòkè, ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ojú bàbá lórí omi, wáyà lẹ́rẹ̀kẹ́. Muqtadir la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ di máìkì mú. Ó tún pa á dé.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé ara, mo gbé rẹ́díò. Kò kí mi pé ó dàbọ̀. Èmi náà ò kí i.