Aṣọ Kẹfà

Màámi, lójú àlá, mo ń wẹ Àyọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí pé àwọn olùkọ́ wa ti jókòó. Aṣọ mẹ́fà ni wọ́n máa wò kí n tó lè jáde níléèwé, márùn-ún péré ni mo sì rán. Mo gbé ọmọ lọ tòun ti ọṣẹ lára. Ká tó débẹ̀, ara rẹ̀ ti di àdìrẹ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ń wá ibi tí mo ti rán an pọ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Ọ̀gá wọn, tó fi tépù kọ́ ọrùn, ní, "Ìyá Àyọ̀, ọwọ́ ẹ mọ́ o. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé èyí tó bá dáa jù, iléèwé ló ń gbà á."

Mo ní, "Máàkì mélòó lẹ máa fún mi, mà?"

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀." Ló bá ká ọmọ mi sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó ń wá àpò tó máa gbà á.

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Àyọ̀ ń fi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e mọ́ra, mo ní, "Má bínú, ọmọ mi. Máàkì ni mo kọ́kọ́ béèrè."