Àtẹ̀gùn Ọkọ̀ Ogun

Láti ìgbà tí àìsàn ti mú kí ọkọ mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wa ni kò ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Òkè ló ti ń jẹun. Èmi náà á gbé tèmi lọ bá a, nítorí oúnjẹ àdájẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Bó bá di dandan kó jáde, àkọ́bí wa tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni yóò pọ̀n ọ́n. Ọkọ mi yóò dijú títí wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó pọ̀n yín, Bàbá wọn. Ẹ̀yìn mi ni òun náà gbé dàgbà."

"Òun ò tíì hu irùngbọ̀n nígbà yẹn."

Ní Sátidé kan, a gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà létí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n so ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan mọ́, èyí tí ọkọ mi ti ṣe kúùkù nínú rẹ̀ nígbà èwe. Wọ́n ti kùn ún, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Ilé ìdáná rẹ̀ ló fẹ́ rí, abẹ́ ọkọ̀ ló sì wà. Àtẹ̀gùn irin tó gba inú ihò kan lọ síbẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà.

Obìnrin tó ń mú wa káàkiri wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi.

"Bàbá, ẹ jókòó síbí. Màá ya fọ́tò ilé ìdáná náà wá fún yín."

Àkọ́bí wa ti kúnlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀.

"Dìde," ni ọkọ mi wí.

Ó gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Ó kọjú sí wa, ó kẹ̀yìn sí ihò náà, ó di irin mú lọ́tùn-ún lósì, ó wá na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mo na ọwọ́ láti dì í mú. Àmọ́ ẹsẹ̀ náà mọ ọ̀nà. Èjìká rẹ̀ wọlẹ̀, orí rẹ̀ wọlẹ̀, ó ku ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan, àwọn náà sì lọ.

Nígbà tí mo fi máa rọra dé ìsàlẹ̀, ó ti jókòó ti ìkòkò ńlá kan, ó ń mí gúlegúle, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Òkun ni. Ẹni tó bá kọjú síwájú sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìgbì ni yóò bá a parí ìrìn náà."

"Kí ló dé tí ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé?"

"Ṣé ilé náà ń mì ni?" Ó fọwọ́ ra etí ìkòkò náà. "Ó ń mì lójú mi, Ìyá wọn. Láti ìgbà àìsàn yìí ni. Mi ò sọ fún ẹ kí o má baà rò pé orí mi ti ń dàrú."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bó bá ń mì, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀kalẹ̀ bí atukọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àkọ́bí wa kan igi ìdìmú mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àtẹ̀gùn ilé wa, kí bàbá rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú lọ́tùn-ún lósì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àwo méjì sórí tábìlì ìsàlẹ̀. Mi ò pè é. Àkọ́bí wa dúró nídìí àtẹ̀gùn, ó la ọwọ́ méjèèjì. Ó pẹ́ kí n tó rí gìgísẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ọkọ mi, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kúrò lọ́nà, alábàárù," ó ní fún ọmọ rẹ̀.

Mo fa àga rẹ̀ jáde. Ó jókòó, ó fọwọ́ kan ife.

"Tíì yìí ti tutù."

"Ẹ jẹ́ kó tutù," ni mo wí, mo sì jókòó sí òdìkejì rẹ̀.