Wọ́n Ti Ilé Arúgbó Pa

Nígbà tí Adéfúnkẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Oregbeni láti wádìí ẹ̀sùn tí àwọn aládùúgbò fi kan ilé náà, ó bá Màmá Títíloyè lórí mátírẹ́ẹ̀sì tí ìtọ̀ ti mú kó rin gbingbin. Egbò ti bo ẹ̀yìn ìyá náà.

"Màmá, a máa ti ibí pa."

"Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í. Ọmọ tí mo bí ló gbé mi jù síbí. Ta ló máa gbà mí?"

Wọ́n tì í pa lọ́jọ́ kejì. Ẹbí àwọn arúgbó yòókù wá kó wọn. Màmá Títíloyè nìkan ló ṣẹ́kù sẹ́nu géètì.

Ó wo Adéfúnkẹ́. "Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?"