Èwo Ni Ti Táyé?

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, hùùù. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ṣe máa ń ké nìyẹn kó tó ta jí, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti kúrò nílé. Síbẹ̀, ní ìlú òtútù tí mo wà yìí, bí ẹ̀rọ kan bá ké bẹ́ẹ̀, Igbó-Ọrà ni ọkàn mi ń sáré lọ.

Ọdún 1998 ni. Tíṣà ni mí nígbà náà. Òyìnbó kan tó wá ka iye ìbejì ìlú wa ló fi kọ̀ǹpútà náà ta mí lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé. Àlòkù ni, ó sì wúwo bí ọlọ. Ìtàn àwọn abà Ìbàràpá ni mo ń kọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, á kàn kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo ta ẹ̀gẹ́ oko mi, mo fowó ránṣẹ́ sí Táyé, ìkejì mi, tó ń tún mọ́tò ṣe n'Ìbàdàn, pé kó bá mi wá tuntun.

Nílé wa, a kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan fún ìbejì. Abọ́ méjì, aṣọ méjì, ẹja méjì nínú ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá wa rú òfin yẹn. Nígbà tí bàbá wa kú, owó girama ẹnì kan ló kù nílẹ̀. Èmi Kẹ́hìndé, tí wọ́n ní mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n fi sí ilé-ìwé. Táyé lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i rí.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Sàlámì onímọ́tò, tó ń ná Ìbàdàn, mú lẹ́tà Táyé wá. Ó ti rí ọ̀kan ní Dùgbẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò gbé e pamọ́ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí n tètè fèsì. Lẹ́yìn èyí ló gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo rán an. Ó kún ojú ìwé kan fọ́fọ́, bí ojú kọ̀ǹpútà náà ṣe ń dán bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó parí rẹ̀ báyìí: “Wọ́n jẹ́ kí n tẹ orúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tẹ̀ ẹ́.”

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé ògbólógbòó tèmi, mo di ọ̀dọ̀ Búrẹ́mọ̀ tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Pákò, kó kàn bá mi jí i kí n lè da ìtàn mi kọ sínú ìwé. Ó tú u, ó wo inú rẹ̀, ó wò mí.

“Tíṣà, ṣé ẹ̀rọ yìí lẹ fi ń kù láfún ni?”

Inú yàrá tí ìyá mi ń kó láfún sí ni mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹ̀fun láfún sì ti wọ inú fáànù rẹ̀, ó dì gbagidi. Búrẹ́mọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ó fi òjé lẹ wáyà kan, ó tẹ bọ́tìnì. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, hùùù! Ojú rẹ̀ là rekete. Àwọn tó wá gba rédíò wọn pàtẹ́wọ́. Búrẹ́mọ̀ ní bí mo bá gbé e jìnnà sí láfún, yóò tún lo ọdún mélòó kan.

Ìdààmú dé, àmọ́ ìdààmú aládùn ni. Ṣé kí n di ti àtijọ́ mú ni, tàbí kí n ra èyí tó ń dán? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ìyá mi ń já ìlasa lẹ́yìnkùlé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ka lẹ́tà náà, mo ní kó bá mi yàn.

Kò bèèrè iye tí wọ́n ń tà á.

“Èwo ni ti Táyé?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Màmá, a ti lé lógójì ọdún.” Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún ibi tí Táyé ti tẹ orúkọ rẹ̀ yẹn kà. Mo kà á. Ó gbé ìlasa sílẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ra ẹyọ kan láyé mi, Kẹ́hìndé. Má jẹ̀ẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì.”

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo sáré dé gáréèjì. Sàlámì ti ń gbé mọ́tò rìn, kó lè bá ìrun Jímọ̀ n'Ìbàdàn. Ó yọrí, ó ní òun ò mọ̀ pé tíṣà náà máa ń pẹ́ dé kíláàsì. Mo na ìwé sí i lójú fèrèsé, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí:

“Táyé, ra kọ̀ǹpútà náà. Tìrẹ ni. Tèmi ti jí. Sátidé ni mò ń bọ̀ wá kọ́ ọ. Kí n tó dé, máa tẹ orúkọ rẹ.”